Àyẹ̀wò etí lọ́fẹ̀ẹ́: ọmọ tuntun, ìyá ọkọ mi àti bàbá àwọn ọmọ. Èwo ni kí n kọ́kọ́ dojú kọ?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta | Ọjọ́ Ajé, 9:10 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn kan wá ṣe àyẹ̀wò etí lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn àdúgbò wa. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọmọ tuntun, ẹni tó bá ní àgbàlagbà nílé àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ariwo máa bọ̀. Mo wò ó pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nílé mi, ni mo bá kó wọn lọ.

Ọmọ mi pé ọjọ́ 21 lọ́jọ́ náà. Wọ́n ki nǹkan kékeré kan tó rọ̀ bọ̀ ọ́ létí, ẹ̀rọ náà ń dún tí-tí-tí. Etí ọ̀tún yege. Ti òsì, "refer" ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ni pé kò yege, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Wọ́n tún un ṣe, "refer" náà ló tún gbé jáde. Obìnrin tó ṣe é ní kí n má fòyà, kí n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ yẹn. Mo ti pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí ọmọ yìí títí ọwọ́ fi ń ta mí. Nígbà míì á ta gìrì, nígbà míì kò ní mira.

Ìyá ọkọ mi ti pé ẹni ọdún 74. Wọ́n ní eérí ti dí etí Màmá méjèèjì, pé kò ṣeé wọ̀n títí wọ́n á fi yọ ọ́. Màmá ní kò sóhun tó ṣe etí àwọn, pé àwa ọmọ ìsinsìnyí ni a kì í la ẹnu sọ̀rọ̀.

Bàbá àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé irin, ọdún kọkànlá rèé. Ó débẹ̀, ó rí ìlà, ó ní òun kì í ṣe adití, ó sì pa dà sílé. Tẹlifíṣọ̀n wa rèé, ará ilé kejì ń bá wa gbọ́ ọ.

Kí ni kí n ṣe? Ta ni kí n kọ́kọ́ mú lọ síbo?

Bàbá Ìbejì | Ọjọ́ Ajé, 9:42 àárọ̀

Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá wa. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi náà gba "refer" yìí, a ò pa dà síbẹ̀, ó ń kọrin káàkiri ilé báyìí. Ẹ jẹ́ kó pé ọmọ ọdún kan ná. Tó bá ti ń pe bàbá, tó ń pe màmá, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ti Màmá rọrùn. Ẹ gbé òróró kaná, ẹ kán an sí wọn létí lálẹ́, kí ẹ fi òwú orí igi nù ún láàárọ̀.

Ti baálé yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Etí ẹni tó ti pẹ́ nínú ariwo, ariwo ti mọ́ ọn lára.

Agbẹ̀bí Àgbà | Ọjọ́ Ajé, 10:25 àárọ̀

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò lè dákẹ́ sí ohun tí ẹ kọ yìí.

Ẹ má ṣe da ohunkóhun tó gbóná sí etí ẹnikẹ́ni. Mo ti tọ́jú àgbàlagbà kan tí awọ inú etí rẹ̀ ti lu tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nílé mọ̀. Òróró yẹn gba ibẹ̀ wọlé lọ. Ìrora tí obìnrin náà jẹ kì í ṣe kékeré. Òwú orí igi tí ẹ sì ń wí, ṣe ló máa ń ti eérí wọnú lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún kan ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan rárá náà máa ń ké, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dá ohùn ṣeré ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ohun tó ń tan òbí jẹ nìyẹn. Ìgbà tí ohùn náà bá wá ń dín kù dípò kó máa pọ̀ sí i, oṣù púpọ̀ ti lọ. Ohun tí àwa ń tẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́ ni 1-3-6: kí wọ́n ti yẹ etí ọmọ wò kó tó pé oṣù 1, kí wọ́n ti mọ̀ dájú bóyá nǹkan ń ṣe é kó tó pé oṣù 3, kí ìtọ́jú sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù 6.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ọmọ mi, ẹ fi àtẹ́wọ́ sílẹ̀. Atẹ́gùn ọwọ́ yín á fẹ́ sí ọmọ lára, ó lè rí òjìji yín, ibùsùn lè gbọ̀n. Tí kò bá sì mira, ó lè jẹ́ oorun ló gbé e lọ. Yàtọ̀ síyẹn, etí ọ̀tún tó ń gbọ́ ni yóò máa ta gìrì fún òsì. Ẹ ò lè fi àtẹ́wọ́ mọ ti etí kan ṣoṣo.

Kí ẹ lè sùn lálẹ́ òní: nínú ọmọ tuntun 1,000, nǹkan bí 1 sí 3 ló máa ń ní àìgbọ́ràn tí kì í lọ. Àwọn tí ẹ̀rọ ń kọ "refer" fún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn, omi tàbí ọ̀rá funfun tí wọ́n bá wáyé ló ṣì wà nínú ihò etí.

Mo Ń Wo Etí | Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Iṣẹ́ mi ni yíyẹ etí wò, mo sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ Màmá Agbẹ̀bí, àfi níbì kan. Ọjọ́ 21 ni ọmọ yìí. Lọ́jọ́ kìíní sí ìkejì, mo máa ń kọ́kọ́ fura sí omi ìbí. Lọ́jọ́ 21, èyí tó wà nínú ihò etí sábà máa ń ti gbẹ. Ohun tí mo máa béèrè ni: báwo ni gbọ̀ngàn yẹn ṣe pariwo tó? Ṣé ọmọ ń sunkún tàbí ó ń mu ọmú lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é? Ṣé omi wà lẹ́yìn awọ etí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà, torí ẹ̀rù ohun téèyàn ò mọ̀ ló máa ń pọ̀. Lọ́hùn-ún nínú etí, ibì kan wà tó ká lọ́lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Irun tíntìntín wà nínú rẹ̀ tó ń gba ìró. Tí irun yẹn bá pé, tí ìró kékeré bá kàn án, òun náà á dá ìró kan pa dà, gbohùngbohùn tí etí wa ò lè gbọ́. Ohun kékeré tí wọ́n kì bọ ọmọ létí yẹn ń sọ ìró sínú, ó sì ń dúró de gbohùngbohùn náà. Tí kò bá gbọ́ ọ, ó kọ "refer". Kò mọ ìdí. Ó lè jẹ́ pé irun ò ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé nǹkan dí ojú ọ̀nà, ó lè jẹ́ ariwo yàrá ló bo gbohùngbohùn mọ́lẹ̀. Nítorí náà, asẹ́ ni ẹ̀rọ yìí. Ó ń ya àwọn tí a gbọ́dọ̀ tún wò sọ́tọ̀, kì í dájọ́.

Nígbà tí ẹ bá pa dà lọ:

Ẹ ní kí wọ́n tún etí méjèèjì ṣe, kì í ṣe òsì nìkan. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sùn lójú ọ̀nà. Ẹ fún un lọ́mú kó yó nígbà tí ẹ bá débẹ̀, kó sì sùn lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Kó má máa fa nǹkan kan lẹ́nu nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, torí ìró fífà yẹn ń dún nínú etí rẹ̀ bí ìlù.

Tí "refer" bá tún jáde, ẹ má gbà kí wọ́n máa sọ pé "ẹ pa dà wá lóṣù tó ń bọ̀" láti oṣù dé oṣù. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ibi àyẹ̀wò ńlá, èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà sí iwájú orí àti ẹ̀yìn etí ọmọ láti wo bí iṣan etí àti ọpọlọ ṣe ń dáhùn sí ìró. Kì í dun ọmọ. Oorun ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdí sì nìyẹn tó fi dáa kó jẹ́ nígbà tó ṣì kéré, tó ṣì ń sùn dáadáa. Tó bá dàgbà díẹ̀, ó lè di pé wọ́n ní láti fún un lóògùn oorun.

Ìbéèrè kan: ṣé ọmọ yìí dúró ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe ju ọjọ́ 5 lọ lẹ́yìn ìbí? Ṣé ara àti ojú rẹ̀ pọ́n gan-an? Ṣé ẹnìkan nínú ẹbí ní àìgbọ́ràn láti kékeré? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí èyíkéyìí, ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àkànní | Ọjọ́ Ajé, 2:30 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí a máa ń rò pé ẹni tó bá ti yege ti bọ́.

Ọmọ mi yege létí méjèèjì lọ́jọ́ kejì tí mo bí i. Ó pé oṣù 14, àrùn lọ́rùnlọ́rùn kọ lù ú. Ọlọ́run yọ ọ́, a kúrò ní ilé ìwòsàn, inú wa ń dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ń pè é láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí kò wojú mi. Mo rò pé àárẹ̀ àìsàn ni. Àfi ìgbà tí ìdérí ìkòkò já bọ́ lọ́wọ́ mi sórí sìmẹ́ǹtì, tí èmi fúnra mi fò sókè, tí ọmọ ń bá eré rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn àrùn yẹn, kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò kíákíá ni, kó tó kúrò ní ilé ìwòsàn tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé inú ìkarahun yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í di eegun, tó bá sì ti di eegun, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú etí á nira láti wọlé. Wọn ò sọ fún wa nígbà tó yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ fún ẹlòmíì báyìí, níbikíbi tí mo bá ti ráyè.

Bàbá Ìbejì | Ọjọ́ Ajé, 3:15 ọ̀sán

Màmá Agbẹ̀bí, mo gba ti òróró gbígbóná. Ohun tí ìyá tèmi ń ṣe fún wa ni mo sọ. Ẹ̀yin Ìyá Àkànní, ẹ kú ìnira o.

Ṣùgbọ́n ti ariwo ibi iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ariwo kì í dà wọ́n láàmú rárá.

Onírin | Ọjọ́ Ajé, 7:50 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì, ìdí tí kì í fi í dà wọ́n láàmú ni pé ohun tó yẹ kó gbọ́ ọ ti kú. Ariwo kì í mọ́ etí lára. Irun tíntìntín tí ọ̀gá Mo Ń Wo Etí sọ yẹn, tó bá kú, kì í hù mọ́.

Ọdún 18 ni mo fi gé irin. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé tí mo bá délé lálẹ́, etí mi á máa hó ṣooo bí ẹni gbé omi kaná. Tó bá di àárọ̀, ó ti lọ. Mo ní àárẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kì í lọ mọ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ń hó.

Nígbà tí mo lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ya àwòrán ìgbọ́ràn mi sórí ìwé. Ìlà náà ń lọ geere lókè, ó dé 4,000 Hz (ibi ìró tó ga), ó já sí kòtò, ó sì tún gòkè díẹ̀. Ẹni tó ṣe é ò tíì bi mí léèrè iṣẹ́ mi. Ó kàn wo kòtò yẹn, ó ní, "Bàbá, ariwo irú wo lẹ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀?"

Ìwọ̀n tí wọ́n kọ́ mi rèé. Ariwo tó tó 85 dẹ́síbẹ̀lì, wákàtí 8 lójúmọ́ ni òpin rẹ̀. Tó bá fi 3 ròkè, àkókò á pín sí méjì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2, 94, wákàtí 1. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Ẹ̀rọ ìgérin máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò ní ohun tó lè fi wọ̀n ọ́n, kó nawọ́ sí ẹni tí wọ́n jọ dúró: tí ẹ bá fi apá kan ṣoṣo jìnnà síra, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ pariwo kí ẹ tó gbọ́ ara yín, ó ti pọ̀ jù.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ má bá baálé yín jà. Ẹ ṣe báyìí. Láàárọ̀, kí wọ́n tó jáde, ẹ tan rédíò, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn dín in kù títí dé ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ tínrín. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà mọ́. Tí wọ́n bá tibi iṣẹ́ dé, ẹ tan án. Tí wọn ò bá gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, etí wọn fúnra rẹ̀ ti fi hàn wọ́n.

Fóòmù tí a ń fi dí etí, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń fi í sẹ́nu ihò etí lásán ni, bí ìdérí ìgò. Kò ṣe nǹkan kan. Fi ọwọ́ tó mọ́ yí i títí yóò fi tínrín bí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ. Gba ẹ̀yìn orí pẹ̀lú ọwọ́ kejì, kí o fa etí sókè sẹ́yìn, kí ọ̀nà inú rẹ̀ lè tọ́. Tì í wọlé, fi ìka dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 títí yóò fi wú. Tó bá wọlé dáadáa, ohùn tìrẹ fúnra rẹ á máa dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá.

Ọmọ Iṣẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Ọ̀gá Onírin, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́ wa ń kọ́? Tí mo bá lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n rí i pé etí mi ti ń lọ, ṣé wọn ò ní ní kí n máa lọ sílé? Ìdí tí ọ̀pọ̀ wa ò fi ń lọ nìyẹn. Kì í ṣe agídí.

Onírin | Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Àbúrò, ìbẹ̀rù yẹn wà lọ́kàn tèmi náà. Béèrè kí o tó jókòó: ta ló máa rí ìwé yìí? Níbi àyẹ̀wò àdúgbò, ọwọ́ rẹ ló yẹ kí wọ́n fi ìwé rẹ lé. Fi pamọ́ dáadáa. Ìwé ọdún yìí ni ìwọ àti dókítà máa fi wo ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò ní ti àkọ́kọ́ kò ní ohun tó máa fi hàn pé ibi iṣẹ́ ni etí rẹ̀ ti bàjẹ́.

Fóòmù kọ́ sì ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Kí àwọn ọ̀gá fi gíríìsì sí ẹ̀rọ, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ kó má máa jó, kí wọ́n fi nǹkan bo èyí tó ń ké jù, kí wọ́n gbé ẹni tí kò ní iṣẹ́ nídìí rẹ̀ jìnnà sí i.

Ọmọ Bàbá Arúgbó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:35 àárọ̀

Lórí Màmá. Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, nígbà tí Màmá ní ẹ kì í la ẹnu sọ̀rọ̀, òótọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí bàbá mi máa ń sọ gan-an nìyẹn.

A ti ń rò pé iyè bàbá mi ń ra. Mo fún wọn níwèé kan, mo ní, "Bàbá, ẹ kà á." Wọ́n ní, "Kí n tà á? Fún ta ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ó wá ń dùn mí báyìí pé a rẹ́rìn-ín. Ẹni tó yẹ etí wọn wò ló là mí lójú. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ èdè wa, inú ìró tó rẹlẹ̀ ló wà, àgbàlagbà ṣì ń gbọ́ ìyẹn dáadáa. "Kà á", "tà á", "fà á": ohùn kan náà ni. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, k, t, f, s, inú ìró tó ga ni àwọn yẹn wà, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ máa ń lọ lára àgbàlagbà. Bàbá mi ń gbọ́ orin ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń fi orí ara wọn wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Orí tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn látàárọ̀ dalẹ́, ó pé.

Pípariwo mọ́ wọn ò ràn wọ́n lọ́wọ́, ó kàn ń jọ ìbínú. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wojú yín, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tan sí ẹnu yín.

Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, inú àpótí ló kọ́kọ́ gbé fún oṣù kan. Ìró bàtà ara wọn ń dà wọ́n láàmú, bébà tí ẹnìkan ń ká nínú yàrá kejì ń dà wọ́n láàmú. A wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: wákàtí kan lójúmọ́, nínú yàrá tó parọ́rọ́, ẹnìkan ṣoṣo ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó tó oṣù méjì kó tó bá wọn lára mu.

Mo Ń Wo Etí | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun fún "kà á" àti "tà á" yẹn. Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka àìgbọ́ràn mọ́ ohun 14 tí èèyàn lè ṣe nǹkan sí kí ewu kí iyè máa ra lè dín kù. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tí kò gbọ́ràn ni iyè rẹ̀ máa ra o, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi dẹ́rù ba àgbàlagbà.

Lórí eérí etí Màmá: òróró tí kò gbóná tàbí oògùn tí ń mú un rọ̀ kò burú fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti fi iná wo inú etí wọn, tó rí i pé awọ rẹ̀ kò lu, tí etí náà kì í ṣọyún, ló lè ní kí ẹ kán an. Tí wọ́n bá ní àìsàn àtọ̀gbẹ, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó yọ eérí náà.

Ohun kan tó ń pa mí lára: tí etí kan bá dédé dí láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, pàápàá téèyàn bá jí láàárọ̀ tí kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ẹ má dúró de àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, ẹ má ní eérí ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó rí dókítà. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn oṣù méjì, ọkàn mi máa ń bàjẹ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 ọ̀sán

Ẹgbẹ́ wa ti ṣètò irú àyẹ̀wò yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a máa ń ṣe é nítòsí ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ọjọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn. Ti àkọ́kọ́, a kùnà. Fáànù ń yí, ọmọdé ń sáré, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá ni a fi ń pe orúkọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó yege. A dẹ́rù ba àwọn èèyàn lásán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì pa dà lọ síbi tí a ní kí wọ́n lọ.

Ní báyìí, yàrá tó jìnnà jù sí ẹnu ọ̀nà ni a ń lò, a ń fi aṣọ tó nípọn bo ògiri. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni, ẹnìkan nínú wa tí etí rẹ̀ pé á gbé hẹ́dífóònù sí etí. Tí òun náà ò bá gbọ́ ìró tó kéré jù, a ò bẹ̀rẹ̀. A ń fi iná wo inú etí kó tó kan ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ariwo, àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ ni a ń pè wọ́n, torí etí gbọ́dọ̀ ti sinmi kúrò nínú ariwo fún wákàtí 14 ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àárẹ̀ etí ni a máa wọ̀n. A ti bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, a sì ń gba nọ́ńbà fóònù méjì lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ àti ti ẹnìkan nílé.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wá ṣe é ní àdúgbò yín: ìgbà wo lẹ ti yẹ ẹ̀rọ yín wò kẹ́yìn? Ọdọọdún ló yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tán tó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn jáde pé kí ẹ rà á lójú ẹsẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ.

Adití Ni Mí | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àná. Adití ni wọ́n bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń pe èpè.

Mo fara mọ́ àyẹ̀wò yìí tọkàntọkàn, ìdí tèmi ò sì fi bẹ́ẹ̀ bá tiyín mu. Ọmọ ọdún 4 ni mo wà kí wọ́n tó mọ̀ pé mi ò gbọ́. Ọmọ ọdún 9 ni mo wà kí n tó pàdé ẹni tó ń sọ èdè adití. Láàárín ìgbà yẹn, mi ò ní èdè kankan tó pé. Mo mọ ebi, mo mọ ẹkún, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè "kí ló dé?" Àìgbọ́ kọ́ ló dùn mí jù, àìlédè ni.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, tó bá jẹ́ etí kan ni, ọmọ yín á sọ̀rọ̀. Ẹ kàn máa ṣọ́ ọ. Á ṣòro fún un láti mọ ibi tí ìró ti ń bọ̀, pàápàá lẹ́bàá ọ̀nà, á sì nílò kí etí tó dáa kọjú sí olùkọ́. Tó bá jẹ́ méjèèjì, ẹ má dúró de ẹ̀rọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èdè adití. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bàbá Ìbejì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè ni o: ṣé tí ọmọ bá ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kò ní ya ọ̀lẹ láti fẹnu sọ ọ́?

Adití Ni Mí | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Rárá. Ọmọ tó gbọ́ èdè méjì nílé kì í ya ọ̀lẹ sí ọ̀kan. Èdè ni èdè adití náà.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta | Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, 8:55 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo yín. Mo ní kí n má wá títí ọ̀rọ̀ á fi lójú.

Wọ́n tún etí ọmọ méjèèjì ṣe nínú yàrá tó parọ́rọ́. Ọ̀tún yege, òsì tún kọ "refer". Mo rántí ọ̀rọ̀ ọ̀gá Mo Ń Wo Etí, mo ní kí wọ́n kọ ìwé àyẹ̀wò ńlá fún mi. Ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń fi omi tútù ra á lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ kó má bàa sùn. A débẹ̀, ó mu ọmú, ó sùn fọnfọn, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, mo gbé e sáyà fún wákàtí kan ààbọ̀. Etí ọ̀tún pé. Ti òsì, ìró gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 45 dẹ́síbẹ̀lì kó tó gbọ́ ọ. Mo sunkún nínú ọkọ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì kù díẹ̀ kó pé oṣù 3, wọ́n sì ti ń bá wa sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré, a sì ní ọjọ́ tí a máa pa dà lọ. Adití Ni Mí, mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ "wá" àti "ó tó". Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Màmá gbà kí wọ́n yọ eérí. Ohun tó jáde dúdú bí ọ̀dà. A délé, Màmá jókòó, wọ́n ní, "Ta ló ṣí omi sílẹ̀?" Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ló ń kán tó, tó, tó, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń kán. Wọ́n tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn náà, ìró tó ga ti lọ lóòótọ́. Wọn ò tíì gbà láti lo ẹ̀rọ. Mi ò fipá mú wọn. Mo ń pa tẹlifíṣọ̀n, mo sì ń dúró síwájú wọn kí n tó sọ̀rọ̀.

Bàbá àwọn ọmọ: mo ṣe ti rédíò. Ó tibi iṣẹ́ dé, mo tan án. Ó ní, "Ìwọ, iná ti lọ ni?" Mo ní iná wà, rédíò ń sọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó tẹ etí sí i. Kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó lọ fúnra rẹ̀ kó tó kọjá síbi iṣẹ́. Kòtò wà ní 4,000 lóòótọ́. Ó ti ń lo fóòmù, ó ń fi dígí kọ́ bí yóò ṣe tì í wọlé.

Ọ̀gá Onírin, ó ní kí n bi yín: ti etí ọ̀tún dúró dáadáa, ti òsì máa ń rọra yọ jáde kó tó di ọ̀sán. Ṣé kò tì í wọlé dáadáa ni?

Onírin | Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, 9:17 alẹ́

Ẹ bá mi kí wọn gan-an. Ihò etí méjèèjì kì í sábà fẹ̀ bákan náà. Kí wọ́n fi èyí tó kéré gbìyànjú ní òsì, oríṣi ìwọ̀n wà. Tí ìyẹn náà bá ń yọ, kí wọ́n lo ìbòtí, èyí tó ń bo gbogbo etí. Tí wọ́n bá ń wọ awò ojú pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n rí i pé apá awò náà tínrín, torí àlàfo tó bá dá sílẹ̀ ni ariwo á máa gbà wọlé.